Àrokò Tí À Ń Jẹ: Ìtàn Àwọn Ìpápánu Dídùn Ilẹ̀ Íńdíà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé díẹ̀ lónìí, kí a dé ilẹ̀ Íńdíà, kí a sì ṣe àyẹ̀wò ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè kà sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, èyíinì ni àwọn ìpápánu dídùn tí wọ́n ń fi ṣúgà àti wàrà ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó wọ inú ìtàn náà, mo ní ẹjọ́ kan láti rò, èmi fúnra mi ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀.

Ní ilé-ìwé girama tí mo lọ, ará Íńdíà ni olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìṣirò. Èyí kì í ṣe ohun ìyanu nígbà náà, nítorí pé láti àwọn ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ti Íńdíà wá sí àwọn ilé-ìwé wa ní Nàìjíríà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ wa gbé páálí kan wọ kíláàsì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn tó pọ́n, ó sì ń dán fún ọ̀rá. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ti bímọ ní ìlú àwọn lọ́hùn-ún, kí olúkúlùkù wa mú ọ̀kan, kí ẹnu wa lè dùn.

Ẹ rántí pé kò sí ọmọ kan nínú wa tí òbí rẹ̀ kò tíì kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ àjèjì. Àwọn kan gbà á, wọ́n sì jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oògùn ni. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì gba tèmi, mo tẹríba, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn kíláàsì, mo jù ú sínú igbó. Bí mo ti yíjú padà, olùkọ́ wa ni mo rí lójú fèrèsé tí wọ́n ń wò mí. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n padà sídìí pátákó ìkọ̀wé, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí mo jù nù lọ́jọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ ìlú Kolkata, ló gbé páálí tirẹ̀ wá nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Mo bi í léèrè orúkọ ohun tó fún mi. Ó ní sandesh ni. Mo tún bi í léèrè ìtumọ̀ orúkọ náà, nítorí pé iṣẹ́ onímọ̀ èdè kò lè ṣàìbéèrè. Ó ní, "Ìròyìn." Ojú mi wálẹ̀.

Kí ẹnu lè dùn

Laddu ni orúkọ ohun tí olùkọ́ ìṣirò wa pín fún wa. Ìyẹ̀fun irúgbìn kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe irú èyí tí a rí. Wọn a po ìyẹ̀fun náà, wọn a máa kán an tótòtó sínú ghee gbígbóná, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì sẹ́. Bí ó bá ti dín tán, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà tí wọ́n sè títí tó fi ki, wọn a da cardamom lílọ̀ sí i, wọn a sì fi ọwọ́ ká a ní roboto. Cardamom yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa: ìbátan ataare ni, ìdílé atalẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì ti wá.

Mithai ni orúkọ àpapọ̀ fún irú ìpápánu báyìí ní èdè Hindi, láti ara ọ̀rọ̀ mitha, tó túmọ̀ sí "dídùn". Bí a bá bí ọmọ, bí ọmọ bá yege ìdánwò, bí a bá ríṣẹ́, bí a bá gba owó oṣù àkọ́kọ́, bí ìdílé méjì bá fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, bí a bá kó sí ilé titun, mithai ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí ẹlòmíràn lẹ́nu, yóò ní kí ó mú kí ẹnu rẹ̀ dùn. Ní ọdún Diwali, tí í ṣe ọdún ìmọ́lẹ̀, àwọn aládùúgbò a máa gbé páálí mithai fún ara wọn láti ojúlé dé ojúlé, àwọn ilé-iṣẹ́ náà a sì máa fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn Mùsùlùmí a máa se fẹ́mísẹ́lì tínínrín pẹ̀lú wàrà, ṣúgà àti èso dábínù, wọn a sì fi ṣe àlejò ẹni gbogbo tó bá yà sílé wọn.

Sandesh ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ọ̀rọ̀ Sanskrit ni, tó túmọ̀ sí ìròyìn tàbí iṣẹ́ tí a rán. Àlàyé tí àwọn ará Bengal ń ṣe ni pé ẹni tó ń gbé ìròyìn ayọ̀ lọ sílé àna tàbí sílé ìbátan kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, ohun dídùn tó mú dání ni orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an sì wá mọ́ lára. Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣàìmọ ohun tí èyí jẹ́. Àrokò ni. Bí a bá fi àrokò ránṣẹ́ sí ènìyàn, tí ó sì jù ú nù, ó ti fèsì náà nìyẹn. Ìròyìn ọmọ titun ni olùkọ́ wa fi lé mi lọ́wọ́, èmi sì fún wọn lésì láti ẹ̀yìn kíláàsì.

Ta ló ni iyọ̀ òyìnbó?

Àwọn ìyá wa àgbà a máa pe ṣúgà ní iyọ̀ òyìnbó, nítorí pé ọwọ́ òyìnbó ni wọ́n ti rí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni òyìnbó fúnra rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti gbà á. Ní nǹkan bí ọdún 325 ṣáájú ìbí Kristi, Nearchus, ọ̀gágun ojú omi tó bá Alexander dé Íńdíà, ròyìn pé irú esùsú kan wà níbẹ̀ tó ń mú oyin jáde láìsí pé oyin kankan wà nídìí rẹ̀. Ìrèké ló rí. Àwọn ará Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ti ń se omi ìrèké títí yóò fi di horo tí a lè kó sínú àpò, tí a sì lè gbé rìn jìnnà. Ní ọdún 647, ọba Taizong ti ilẹ̀ Ṣáínà rán àwọn ìránṣẹ́ lọ sí Magadha ní Íńdíà kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ náà wá.

Èdè náà jẹ́rìí sí i. Sharkara ni wọ́n ń pe ṣúgà ní Sanskrit, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ sì ni òkúta wẹ́wẹ́ tàbí tààrá, nítorí bí ó ti rí lójú àti lọ́wọ́. Àwọn ará Páṣíà sọ ọ́ di shakar, àwọn Lárúbáwá sọ ọ́ di sukkar, ó gba Ítálì àti Faransé kọjá, ó di sugar lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, àwa sì pè é ní ṣúgà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Hausa: sukari ni wọ́n ń pè é, láti ẹnu Lárúbáwá. Tiwa gba etí òkun wọlé, tiwọn gba aṣálẹ̀ kọjá, orísun kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti wá. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bákan náà ni khanda, tó túmọ̀ sí "ègé" ní Sanskrit, di qand lẹ́nu Lárúbáwá, kí ó tó di candy tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń sunkún lé lórí.

Ohun tí orúkọ ń sọ

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá to orúkọ àwọn mithai jọ, a ó rí gbogbo àlejò tó ti wọ ilé náà.

Àwọn kan jẹ́ ọmọ onílé. Modak jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ ti ara ọ̀rọ̀ Sanskrit kan tó jẹ mọ́ ìdùnnú wá. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn a fi àgbọn àti gur, ìyẹn omi ìrèké tí a sè tó dì, sí i nínú. Òun ni oúnjẹ tí Ganesha, òrìṣà tó ní orí erin, fẹ́ràn jù, mọ́kànlélógún ni wọ́n sì máa ń gbé síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún rẹ̀. Laddu náà ní orúkọ Sanskrit tirẹ̀.

Àwọn mìíràn ti òkèèrè wá. Jalebi, tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun pípò rẹ̀ sínú òróró gbígbóná ní róbótó bí ìgbín tó ká, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà, zalabiya ni wọ́n ń pè é ní Lárúbáwá. Ó wà nínú ìwé oúnjẹ tí al-Warraq kọ ní Baghdad ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá. Nígbà tó fi di nǹkan bí ọdún 1450, Jinasura, òǹkọ̀wé ẹlẹ́sìn Jain kan, ti dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀ ní Íńdíà. Halwa, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Òun náà ló bí alewa tí àwọn Hausa ń pe ohun dídùn. Barfi, láti ara barf ni, tó túmọ̀ sí yìnyín ní èdè Páṣíà, nítorí pé funfun báláú ni wàrà tí wọ́n sè tó dì náà. Gulab jamun so ilé méjì pọ̀: gulab jẹ́ omi òdòdó rósì lẹ́nu ará Páṣíà, jamun sì jẹ́ èso igi kan ní Íńdíà. Kódà, halwai ni wọ́n ń pe ẹni tí iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe mithai. Ẹlẹ́sìn Hindu ni ọ̀pọ̀ wọn, láti baba ńlá baba wọn, orúkọ tó ti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá jáde ni wọ́n sì ń jẹ́.

Iṣẹ́ halwai yìí ní iyì kan tó yẹ kí a mọ̀. Nínú ètò ìran-dé-ìran àwọn Hindu, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Oúnjẹ tí a fi omi sè ni ìkálọ́wọ́kò rẹ̀ le jù. Èyí tí a fi ghee dín, tàbí tí a fi wàrà ṣe, ni ọ̀pọ̀ lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ìran tiwọn. Ìdí nìyí tí ìsọ̀ halwai fi di ibi tí ẹni púpọ̀ ti lè rajà, tí mithai sì fi lè gba ẹnu ọ̀nà tí ìrẹsì sísè kò lè gbà wọlé. Ààlà náà kò wó o, ṣùgbọ́n ohun dídùn rí ihò kan gbà kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí orúkọ di ìjà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun onímọ̀ èdè nìyí. Ìpápánu kan wà tó ń jẹ́ Mysore Pak, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun, ghee àti ṣúgà ṣe. Kakasura Madappa, alásè ààfin Mysore, ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ ṣe é fún ọba. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, lẹ́yìn ìjà tó wáyé láàárín Íńdíà àti Pakistan, àwọn olùtajà kan ní ìlú Jaipur yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mysore Shree, nítorí pé àwọn kò fẹ́ gbọ́ Pak létí mọ́. Bẹ́ẹ̀, pak ti inú ìpápánu yìí, láti ara ọ̀rọ̀ Sanskrit fún sísè ni, omi ṣúgà ni ó sì ń tọ́ka sí ní èdè Kannada tí wọ́n ń sọ ní Mysore. Pak ti inú Pakistan, ọ̀rọ̀ Páṣíà ni, tó túmọ̀ sí "mímọ́". Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá ara wọn tan. Ọmọ onílé gan-an ni wọ́n lé jáde, nítorí pé ohùn rẹ̀ jọ ti àlejò. Jalebi tó jẹ́ àlejò ní tòótọ́ jókòó sórí àtẹ, kò sẹ́ni tó bi í níbi tó ti wá.

Ìjà ti rasgulla yàtọ̀ díẹ̀. Chhena ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a da nǹkan kíkan sínú wàrà tó ń hó kí ó lè dì, lọ́nà tó jọ ti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà lọ́jà wa. Wọn a sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, wọn a ká a ní roboto, wọn a sì sè é nínú omi ṣúgà títí yóò fi wú bí kànìnkànìn. Àwọn ará Bengal ní Nobin Chandra Das ló dá a sílẹ̀ ní Kolkata ní ọdún 1868. Àwọn ará Odisha ní irọ́ ni, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi rọ òrìṣà ní tẹ́ḿpìlì Jagannath tó wà ní Puri. Ìtàn wọn dùn púpọ̀. Wọ́n ní Jagannath gun kẹ̀kẹ́ ńlá rẹ̀ jáde lọ ṣọdún, ó sì fi Lakshmi ìyàwó rẹ̀ sílé. Nígbà tó padà dé, ìyàwó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àfi ìgbà tó fi rasgulla bẹ̀ ẹ́ ni ó tó wọlé. Ẹ̀yin ọkọ, mo rò pé ẹ ti gbọ́ o.

Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, wọ́n fún Bengal ní ìwé àṣẹ lórí orúkọ rasgulla tirẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2019, wọ́n fún Odisha náà ní ti rasgulla tirẹ̀. Ìdájọ́ àgbà ni lójú tèmi: olúkúlùkù ni wọ́n ní kí ó máa jẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni chhena, kí ó rántí pé ní ọdún 1965, nígbà tí wàrà wọ́n, ìjọba Bengal tí Prafulla Chandra Sen ń darí fi òfin de fífi chhena ṣe ìpápánu dídùn. Inú bí àwọn ará ìlú gidigidi, ó sì wà lára àwọn ohun tó ba orúkọ ìjọba náà jẹ́ kí ó tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò ọdún 1967.

Oko ìrèké

Ó ku apá kan nínú ìtàn yìí tí kò dùn. Ìmọ̀ ṣúgà tó ti Íńdíà jáde dé ọwọ́ àwọn òyìnbó, wọ́n sì gbé ìrèké lọ sí Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù rẹ̀. Ẹrú ni wọ́n fi dá oko náà. Ní Brazil àti ní Cuba, àìmọye ọmọ Yorùbá ló wà lára àwọn tí ìrèké jẹ ayé wọn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn olóko kò fẹ́ pàdánù èrè, wọ́n sì kọjú sí Íńdíà. Ní ọdún 1834 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣìṣẹ́ aládèéhùn láti Íńdíà lọ sí Mauritius, ní 1838 wọ́n kó wọn dé Guyana, ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1845 sì ni ọkọ̀ ojú omi Fatel Razack gúnlẹ̀ sí Trinidad.

Ní Trinidad yìí, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń bọ Ṣàngó àti àwọn ọmọ Íńdíà tó ń tan fìtílà Diwali di ará ìlú kan náà. Oko ìrèké ló kó wọn jọ. Àwọn ọmọ Íńdíà sì ń ṣe laddu, barfi àti jalebi níbẹ̀ títí di òní, wọ́n ń pín in fún aládùúgbò láìka ẹ̀yà sí. Ṣúgà tó sọ ènìyàn di ẹrú ni wọ́n fi ń kí ara wọn kú oríire.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn Íńdíà gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ní orílẹ̀-èdè náà tó mílíọ̀nù 101. Mithai nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ó ti mú kí páálí ọdún di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi ìbẹ̀rù ṣí. Àwọn halwai kan ti ń fi èso dábínù dípò ṣúgà, àwọn mìíràn ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sì wà tó jẹ́ pé ègé kín-ún ni wọn yóò fi kan ẹnu, nítorí pé kíkọ̀ ọ́ pátápátá yóò dà bí ẹni tí kò bá olóríire yọ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tí a fi rán ohun dídùn yìí ṣe pàtàkì ju dídùn rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ nìyí. Àwa náà ń fi oyin, ìrèké àti ààdùn kan ọmọ titun lẹ́nu, a sì ń ṣàdúrà lé wọn lórí. Bí àlejò kan bá wá síbi ìsọmọlórúkọ wa, tó gba oyin náà, tó sì tu ú dànù sẹ́yìn ilé, a kò ní sọ pé oyin ló kọ̀. A ó ní ọmọ wa ló kọ̀. Olùkọ́ ìṣirò wa ti kúrò ní ilé-ìwé náà kí a tó ṣe ìdánwò àṣekágbá, n kò sì gbúròó wọn mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà yóò ti di àgbàlagbà báyìí. Mo ti jẹ laddu lẹ́ẹ̀mélòó kan láti ìgbà náà, mo sì máa ń kí ọmọ náà kú oríire nínú ọkàn mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì náà ti pẹ́ jù.

Iṣẹ́ kan rèé fún yín o: kí ni àwọn àgbà ń pe ṣúgà ní ìlú tiyín? Ṣé iyọ̀ òyìnbó ni, àbí ó ní orúkọ mìíràn? Ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Ẹnu gbogbo wa yóò máa dùn o.